Lórí orúkọ tí a ó pe pọ́ọ̀tù: ẹnu ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe ibi tí à ń ki okùn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pọ́ọ̀tù. Ẹni tó gbé e wá ń túmọ̀ àpèjúwe láptọ́ọ̀pù kan tó fẹ́lẹ́, tó fúyẹ́, tí irú ibi bẹ́ẹ̀ kò sì ju méjì lọ lára rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: èbúté, ihò àti ojú. Ẹlòmíràn ní ká kúkú fi iṣẹ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, bíi "ojú iná", "ojú àwòrán", "ojú íntánẹ́ẹ̀tì". N kò gba ìkankan nínú wọn.

Èbúté ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká gbé kúrò nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ méjì tó dún bákan náà. Ọ̀kan wá láti inú portus ti Látìnì, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Èkejì wá láti inú porta, ìyẹn ẹnubodè, òun ni wọ́n sì ń lò fún àlàfo tí wọ́n bá dá sí ara nǹkan kí ohun mìíràn lè gbà á kọjá. Ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ti èkejì yìí ni. Ẹni tó bá kọ "èbúté" ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi èbúté pamọ́ fún àwọn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, tí àwọn náà ń jẹ́ pọ́ọ̀tù, a lè jọ sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Kò kan ohun tí à ń fọwọ́ bà.

Ihò sàn ju ìyẹn lọ, torí a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tún fóònù ṣe: "eruku ti kún ihò ṣájà". Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sínú ìpolówó ọjà, ẹ wò ó: "láptọ́ọ̀pù oníhò méjì". Aṣọ oníhò, bàtà oníhò, ìkòkò oníhò. Ohun tó ti bàjẹ́ là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ojú dùn létí, "ojú abẹ́rẹ́" sì jẹ́rìí sí i. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà ti di ibi tí à ń wò lẹ́nu gbogbo wa. Ẹni tó bá ka "kọ̀ǹpútà olójú méjì" yóò rò pé ibi méjì ló ní tí èèyàn lè máa wò, irú rẹ̀ sì wà lọ́jà lóòótọ́.

Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń lo ẹnu. Ẹnu ọ̀nà, ẹnu àpò, ẹnu ìgò, ẹnubodè: gbogbo ibi tí nǹkan ń gbà wọlé tó tún ń gbà jáde ni. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká kíyè sí. Iná ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wọlé, àwòrán ń gba ibẹ̀ jáde lọ sára ògiri, fáìlì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹnu là ń fi jẹun, òun náà là ń fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ti kọ̀wé pé ẹnu kò ṣeé lò, torí àwọn oníṣẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà ti fi pe ṣóńṣó okùn, wọ́n ń ní "ẹnu ṣájà yìí ti wọ́". Òótọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ẹnu méjì ló ń pàdé, ẹnu okùn àti ẹnu kọ̀ǹpútà, a sì ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnu méjì bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan: wọ́n fẹnu kò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú okùn USB-C, irú okùn tuntun tó lè gbé iná àti fáìlì pọ̀, gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, fóltì 5 péré ló kọ́kọ́ ń wá. Ṣájà á sọ iye tí agbára rẹ̀ ká, kọ̀ǹpútà á sọ iye tó fẹ́, ìgbà tí wọ́n bá fẹnu kò ni fóltì tó gòkè, ó sì lè dé 20. Bí wọn kò bá fẹnu kò, iná kò ní gòkè, bátìrì kò sì ní kún bó ṣe yẹ. Ìfẹnukò ni kí a máa pe ètò yìí. Kò gba pé ká dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Ọ̀rọ̀ fífi iṣẹ́ sọ ẹnu lórúkọ ló gba àlàyé jù, torí bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ló ba ètò yẹn jẹ́. Láyé ìgbà kan, "ẹnu iná" àti "ẹnu àwòrán" ìbá tó. Ìrísí wọn yàtọ̀: ti VGA, ìyẹn okùn àwòrán àtijọ́, ní ihò kéékèèké 15 ní ìlà mẹ́ta, ti okùn íntánẹ́ẹ̀tì ga, ó sì fẹ̀, ti iná sábà máa ń rí roboto. Okùn ọ̀kan kò lè wọ èkejì. Lẹ́yìn náà ni fífẹ́lẹ́ wọlé dé. Ní oṣù Kìíní 2008, Steve Jobs, olórí iléeṣẹ́ Apple nígbà náà, fa láptọ́ọ̀pù wọn, MacBook Air àkọ́kọ́, yọ nínú àpò ìwé ní San Francisco. Ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.94, ibi tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ 0.4, gbogbo rẹ̀ sì wọn kílò 1.36. Irú etí bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnu okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Ibi tí à ń ki CD sí náà lọ. Ẹnu mẹ́ta tó kù lápá ọ̀tún, USB kan, ti àwòrán kan, ti íápíìsì kan, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kékeré kan tó ń ṣí wá sísàlẹ̀. Ti iná dá wà lápá òsì. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kò fẹ́ yọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àgbọ̀n sí i, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí okùn bá fẹ́ wọlé. Ohun tó ní àgbọ̀n, kí la tún fẹ́ pè é bí kò ṣe ẹnu?

Ní 2015 ni MacBook oní-íǹṣì 12 ti Apple dé: mílímítà 13.1 ní nínípọn, kílò 0.92, kò ní fáànù. Yàtọ̀ sí ti íápíìsì, ẹnu kan ṣoṣo ló ní, USB-C. Òun ló ń jẹ iná, òun ló ń gbé àwòrán jáde, òun náà ni fíláàṣì ń wọ̀. Ẹni tó bá ki ṣájà bọ̀ ọ́ kò ráyè ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé "ẹnu iná" lèyí ni àbí "ẹnu àwòrán"? Orúkọ tí a fi iṣẹ́ sọ ti pin níbẹ̀. Ní 2016 wọ́n ṣe ohun tó jọ ọ́ fún MacBook Pro tí àwọn olóòtú fídíò ń lò. Ẹnu HDMI, tó ń gbé àwòrán àti ohùn jáde, lọ, ti káàdì kámẹ́rà lọ. Ní 2021 wọ́n dá méjèèjì padà, èyí tó jẹ́ íǹṣì 16 sì kúrò ní mílímítà 16.2 bọ́ sí 16.8. Ní tèmi, mílímítà 0.6 kò tó nǹkan lára ohun tí àwọn èèyàn yẹn rí gbà padà.

Ẹnìkan ti ní ká pe USB-C ní "ẹnu gbogboǹṣe". Mo mọ ohun tó mú un wá, ṣùgbọ́n yóò tan oníbàárà jẹ. Láptọ́ọ̀pù wà tí ẹ kò lè fojú ya ẹnu méjèèjì rẹ̀ sọ́tọ̀, síbẹ̀ tí ọ̀kan ń gba iná tí èkejì kò gbà á. Òmíràn ń gbé fáìlì ṣùgbọ́n kò lè gbé àwòrán. Okùn náà rí bẹ́ẹ̀: èyí tó bá fóònù wá lè má gbé àwòrán rárá, bó tilẹ̀ wọlé geere. Orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nípa gbogbo wọn. Inú ẹnu ọ̀hún, irin tíntìntín 24 ló wà níbẹ̀, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n débi pé bí ẹ bá yí okùn dojú dé, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe. Kò ní òdì. USB àtijọ́ ní òdì, gbogbo ẹni tó ti lò ó ló mọ̀. Nítorí náà, ẹnu aláìlódì ni àbá mi fún USB-C. Bẹ́ẹ̀ náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe gba orúkọ, nípa ìwà tí rédíò kò lè pa tì. Iṣẹ́ tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ká máa sọ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn orúkọ. Ó sì yẹ ká tètè ṣe é: òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ẹnu yìí di dandan, fún fóònù láti ìparí 2024, fún láptọ́ọ̀pù láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2026, àlòkù ibẹ̀ sì wà lára ohun tí à ń rà ní Ìkẹjà.

Ó ku ẹ̀rọ kékeré tó ń so ẹnu tuntun mọ́ okùn àtijọ́. "Aṣàsopọ̀" kò burú, ṣùgbọ́n alárinà ni mo ti dábàá tẹ́lẹ̀ pé ká máa pè é, mo ṣì dúró tì í. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ní ìjọ àti ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ṣì ń lo VGA tàbí HDMI. Ohun kékeré yìí dúró láàárín, ó ń gbọ́ ti apá méjèèjì. Àǹtí kan ta kò mí pé bí ìyàwó bá mọjú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá, bẹ́ẹ̀ èyí kì í yẹ̀bá. Àtakò gidi ni. Èsì mi ni pé òwe sọ ohun tó yẹ alárinà. Kò sọ pé èyí tó dúró kì í ṣe alárinà mọ́. Láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́ ló fà á dúró, owó rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ sì yẹ kó wà nínú ìṣirò ẹni tó ń rà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "láptọ́ọ̀pù tín-ín-rín". Okùn, ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹyẹ la ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ohun tó fẹ̀ tí kò nípọn, bí ìwé àti ewé, fẹ́lẹ́ ni. Òótọ́ ni pé fẹ́lẹ́ ní ìkìlọ̀ díẹ̀ nínú, pé nǹkan náà lè má lágbára, n kò sì rò pé ó yẹ ká sá fún un. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti MacBook 2015 yẹn, wọ́n ṣe é kí ó má ga rárá, eruku bíńtín sì lè mú un há. Ní 2018 Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tún irú rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín 2020, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára gbogbo láptọ́ọ̀pù tuntun wọn.

Fún ẹni tó ń túmọ̀, bí n bá ṣe kọ gbólóhùn rẹ̀ nìyí: "Láptọ́ọ̀pù yìí fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́. Ẹnu aláìlódì méjì ló ní, méjèèjì lápá òsì. Méjèèjì ń gba iná, wọ́n sì ń gbé fáìlì. Èyí tó sún mọ́ ẹ̀yìn nìkan ló ń gbé àwòrán jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lo okùn HDMI yóò ra alárinà lọ́tọ̀." Bí ẹ bá ní ohun tó sàn ju "gbé àwòrán jáde" lọ, ẹ kọ ọ́ wá, torí ibẹ̀ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.