Ọkọ mi ń du kánsẹ́lọ̀, ṣé dandan ni kí n wọ aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀?

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọkọ mi gba fọ́ọ̀mù kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣe gbé ańkárá tí wọ́n tẹ fọ́tò alága sí láyà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, pé kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sí míìtìnì, kí n sì bá wọn pín in fáwọn ará ọjà. Mo ní mi ò wọ̀. Màá dìbò fọ́kọ mi o, àmọ́ owó ìsọ̀ tí káńsù wọn ń gbà lọ́wọ́ wa ti pọ̀ jù, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo ẹ̀. Wọ́n ní mò ń ba ọkọ mi lójú jẹ́. Bàbá Ìbejì ò tíì sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń jẹ ẹ̀bà wọn lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ má wọ̀ ọ́ jàre. Ṣé Aisha Buhari ò sọ fún BBC Hausa ní 2016 ni, pé tí ọkọ òun ò bá tún ìjọba ẹ̀ tò, òun lè má bá a polongo ní 2019? Ọkọ wá dáhùn ní Jámánì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Merkel tó jẹ́ obìnrin tó ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà yẹn, pé kíṣìnì àti pálọ̀ àti yàrá kejì nìyàwó òun wà. Ó ṣì wọlé ní 2019 náà ṣá. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́, lọ́dún 1992, nígbà tí Clinton àti Bush jọ ń du ààrẹ, James Carville ń ṣiṣẹ́ ìpolongo fún Clinton, Mary Matalin ń ṣe é fún Bush, Carville àti Matalin sì fẹ́ra wọn ní 1993.

Ìyá Àgbà Ìkẹ́nnẹ́: Òyìnbó nìyẹn, ìyá ọkọ wọn ò sí ní ojúlé kejì. Màmá HID tiwa, ìyàwó Awólọ́wọ̀, ńkọ́? Bàbá Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Kàlábà, àwọn ni wọ́n bọ́ sójú títì tí wọ́n ń polongo nínú ìbò 1964. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣọ̀kan lóòótọ́, àmọ́ oníṣòwò aṣọ ni Màmá, wọn ò fi ọwọ́ ẹlòmíì jẹun. Ìyàwó mi, ohun tó o bá fẹ́ sọ lọ́jà, kọ́kọ́ sọ ọ́ ní yàrá.

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ kú àlàyé mà, àmọ́ bí ọkọ bá ń jẹ ẹ̀bà tí ò dáhùn ńkọ́?

Bọ̀dá Wọ́ọ̀dù: Èmi mọ àwọn olóṣèlú yìí, ẹni tí ò wọ aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n bá sì fìdí rẹmi wọ́n á ní ìyàwó ẹ̀ ló fà á. Kí ọkọ yín lọ bá alága fúnra ẹ̀. Àti pé, ta ló sanwó ańkárá yẹn?

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Èmi ni wọ́n fẹ́ kó sanwó ẹ̀ o! Mo ti bi Bàbá Ìbejì lálẹ́ àná, wọ́n ní owó ìsọ̀ yẹn gan-an làwọn fẹ́ bá wọn fà táwọn bá wọlé, àmọ́ kí n má tíì sọ ọ́ síta. Mo ní èmi ti sọ ọ́ síta tipẹ́.