Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú fún iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́: tuntun ni kí n rà, àbí tòkunbọ̀?

Akọ̀wé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ akọ̀wé, gbogbo ìwé ẹgbẹ́ sì ti wá di ẹrù ọrùn mi: àkọsílẹ̀ ìpàdé, owó oṣooṣù, orúkọ àwọn tó ti san owó aṣọ Ojúde Ọba àtàwọn tí kò tíì san, àti ìpàdé orí Zoom pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun. Orí fóònù ni mo ti ń ṣe é bọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á mọ́. Owó tí mo lè fi sílẹ̀ kò ju ₦250,000 lọ. Ní òpópónà Fọlágbadé, wọ́n fi méjì hàn mí tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ tuntun tó ṣì wà nínú páálí. Celeron ni wọ́n pe ọpọlọ rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 4GB, àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 64GB. Èkejì jẹ́ Dell Latitude tòkunbọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha. Ìyàwó mi ní tuntun ni kí n mú, nítorí pé ẹni tó ra àlòkù ra ìyọnu oníyọnu. Èwo ni kí n gbé?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Sábó, Ṣágámù):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ipò tuntun. Ẹ bá mi bẹ màmá wa nílé, ṣùgbọ́n ẹ fi ti inú páálí yẹn sílẹ̀. 4GB àti 64GB ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, nítorí náà láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e dé ilé ni yóò ti máa lo gbogbo agbára rẹ̀. Nínú irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, eMMC, irú ìpamọ́ olówó pọ́ọ́kú kan, ni àyè ìpamọ́ sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, tó fi jẹ́ pé bí Windows bá ti gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí èmi tí mo ń tún un ṣe lè dá sí i. RAM rẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣeé fi kún. Ẹ bá ṣí Zoom, kí ẹ tún ṣí àtẹ owó oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín.

Latitude, bíi EliteBook ti HP àti ThinkPad ti Lenovo, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Bí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun bá ti lò wọ́n fún ọdún díẹ̀, wọn a pààrọ̀ wọn, àwọn ọ̀hún ló ń gba ojú omi wá bá wa. Ẹ̀yìn tó ha kò dí àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n "Core i5", orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti Intel, tí àwọn ọlọ́jà máa ń pariwo kò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀; nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí i5-8250U, 8 tó ṣáájú yẹn ló ń sọ pé ìran kẹjọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 8th gen lọ́jà; i5-7300U jẹ́ ìran keje, i5-10210U sì jẹ́ ìran kẹwàá. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé Microsoft ti dá ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bó bá sì jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni wọ́n gba Windows 11 láyè ní gbogbogbòò. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé e sórí ìran kẹfà. Yóò ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe ààbò yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

RAM 8GB àti SSD 256GB, ìyẹn ìpamọ́ tó yára tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ti tó yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ wọ Performance. Gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn níbẹ̀ láìgba ẹnu ọlọ́jà.

Olùkọ́ (Àgọ́-Ìwòyè):

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ará Ṣágámù, ṣùgbọ́n ìdí bátìrì ni tòkunbọ̀ ti máa ń dójú ti èèyàn, pàápàá bí iná ti rí ní agbègbè wa yìí. Ọlọ́jà yóò fi 100% hàn yín. Ìyẹn ń sọ pé bátìrì náà ti kún ni, kò sọ bí ohun tó lè gbà ṣe kù tó. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ sì ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Iye méjì ni kí ẹ wá níbẹ̀: Design Capacity, ìyẹn agbára rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn agbára rẹ̀ lónìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 60,000 mWh, tí èkejì sì jẹ́ 24,000, ìdá méjì nínú márùn-ún péré ló kù. Kí ọlọ́jà yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó pè.

Ẹ tún pa á, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F2 bó ti ń jí, kí ojú ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ (BIOS) lè ṣí. Bó bá ń béèrè páásíwọọ̀dù kí ẹ tó lè yí ohunkóhun padà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín ló ti í pa, ẹ má rà á. Bí Y àti Z bá sì gbapò ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jámánì ló ti wá; ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n yóò máa bí yín nínú. Ní ti àmì ohùn orí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Yorùbá wà lára àwọn kíbọ́ọ̀dù tí a lè fi kún Windows.

Akẹ́kọ̀ọ́ (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ):

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google dípò Windows? Ó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ìwé kíkọ àti ìpàdé sì ni bàbá fẹ́ fi ṣe.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:

Àbúrò, o ò purọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Chromebook ló ní ọjọ́ tí Google yóò dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Àwọn irú tó jáde láti ọdún 2021 ń gba ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ṣáájú wọn, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, Settings ni kí èèyàn ti wo ọjọ́ wọn kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ dátà tún wà níbẹ̀, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gbára lé.

Akọ̀wé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ. i5-8350U ni Latitude náà, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, ṣùgbọ́n hard disk 500GB ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD. Bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọlọ́jà ní ₦230,000 ni òun yóò gbà. Ṣé kí n mú un? Ṣé mo sì tún ní láti ra Microsoft Office?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:

Ẹ mú un, ṣùgbọ́n kí ó yọ hard disk yẹn, kí ó fi SSD sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ná an dáadáa, ó lè gba hard disk náà mọ́ owó. Hard disk àtijọ́ tó ń yí nínú yẹn ló máa ń mú kí èèyàn rò pé kọ̀ǹpútà òun ti gbó. Ní ti Office, LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Bí ọlọ́jà bá ní òun yóò fi Office ayédèrú ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí pé irú rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń bá wọlé. Service Tag, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, wà lábẹ́ Dell náà. Kí ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà bó bá yọnu.