Áàpù ìfọ̀kànbalẹ̀ gé owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ kúulé o. Látìgbà tí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ ni oorun kì í ti í kùn mí mọ́ lóru. Àbúrò mi gba áàpù kan sórí fóònù mi, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mí, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí oorun á fi gbéni lọ. Ká sòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje, àmọ́ kí n fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Kó tó pé ọjọ́ méje mo ti yọ ọ́ kúrò. Àfi bí alẹ́ẹ̀tì ṣe dún láàárọ̀ àná: odindi owó ọdún kan, ní dọ́là! Owó aró àti kọ́sítíìkì mi ni o. Ẹni tí ò rí oorun sùn ni wọ́n tún wá fi alẹ́ẹ̀tì jí. Ṣé ó ṣeé gbà padà? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa sanwó fún irú èyí?

Àtúnṣe Fóònù, Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Yíyọ áàpù kúrò kò dá owó dúró. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wọ "Payments & subscriptions", ẹ fagi lé e níbẹ̀. Bí wákàtí 48 ò bá tíì pé, ẹ bèèrè owó yín lọ́wọ́ Google kíákíá. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni áàpù lẹ máa kọ̀wé sí.

Ọmọ Lísàbí: Sísanwó ò bí mi nínú, ṣebí a ń ra dátà. Odindi ọdún ni mi ò gbà! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń dá àjọ níbí. Kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀, ní náírà, kí wọ́n sì sọ fúnni kí wọ́n tó gé e.

Bàbá Ṣàpọ́n: Áàpù kẹ̀? Ẹ gbàdúrà, ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ sùn.

Nọ́ọ̀sì Ọbáńtokò: Bàbá, àdúrà ò ní kéèyàn má rí dókítà. Mà, bí àìsùn yìí bá ti pẹ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ò jìnnà sí yín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ bà yín lẹ́rù. Lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, wọn ò há wọn mọ́lé. Fóònù ò lè yẹ̀ yín wò. Ohun tẹ́ ẹ sì ń sọ fún un ńkọ́? Lọ́dún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí BetterHelp, áàpù ìgbaninímọ̀ràn kan, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là torí ó gbé ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà fún Facebook àtàwọn mìíràn nítorí ìpolówó.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fagi lé e, mo sì ti kọ̀wé sí Google. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tán báyìí, àwọn alápù ní kí n padà wá, àwọn á gbà á ní ìdajì. Ẹ gbọ́, èwo gan-an wá ni iye rẹ̀?