Téèpù LTO lórí FreeBSD: ẹ̀dà kejì ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. A so ẹ̀rọ téèpù LTO-6 (irú téèpù tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà dátà) mọ́ sáfà wa tó ń lo FreeBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà; àṣẹ camcontrol devlist sì fi hàn pé ó ti dá a mọ̀ sí sa0. Lálaalẹ́ ni a ń fi tar, ètò tó ń kó fáìlì jọ, kọ /home (fáìlì àwọn oníṣẹ́ wa) sórí /dev/sa0, tí a ó sì kọ /var/db (dátà àwọn ètò wa) tẹ̀lé e lórí téèpù kan náà. Tar kì í ráhùn, ṣùgbọ́n bí a bá ka téèpù náà, /var/db nìkan ni à ń bá níbẹ̀. Ṣé téèpù ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Téèpù yín kò ní àléébù, orúkọ tí ẹ fi ń pe ẹ̀rọ náà ló fà á. Gbàrà tí tar bá ti parí iṣẹ́ lórí /dev/sa0, ẹ̀rọ náà yóò ká téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà orí /home gan-an ni tar kejì ń kọ nǹkan sí. Ẹ lo /dev/nsa0. Ẹ̀rọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ bá parí sí ni téèpù yóò dúró sí. (Ẹ má ṣèèṣì mú /dev/esa0 o, ìyẹn á ti téèpù jáde.) Bí ẹ bá fẹ́ ka ẹ̀dà kejì, ẹ kọ́kọ́ fi mt, àṣẹ tó ń darí téèpù, ká a padà: mt -f /dev/nsa0 rewind, kí ẹ wá fi mt -f /dev/nsa0 fsf 1 fo ti àkọ́kọ́ kọjá.

Ìdáhùn: Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ní alẹ́ kejì, mt -f /dev/nsa0 eod, tó ń gbé téèpù lọ sí òpin dátà, ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ má baà kọ nǹkan lé ti àná lórí. Báìtì 10,240 tí tar ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà kéré fún LTO. -b 128 yóò sọ ọ́ di 65,536, -b kan náà ni kí ẹ sì fi kà á. Ohun tó kọ mí lóminú jù ni /var/db: bí ètò ìkó-dátà (database) bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí tar ń dà á kọ, ẹ̀dà náà lè má ṣeé lò. Ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ètò náà fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀dà sínú fáìlì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé /home tó wà lórí téèpù tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé gbà padà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀rọ LTO kì í kà kọjá àmì òpin ìkọ̀wé tuntun, bí dátà àtijọ́ tilẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ /home sórí téèpù mìíràn lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi tar -tvf wò ó kí ẹ tó yọ ọ́.