Iṣan ẹ̀yìn Bàbá wa nínú fọ́tò CT

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tiwa lórí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, torí ohun tí dókítà ń fi skáàn wá kì í ṣe kókó jẹjẹrẹ náà nìkan.

Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni Bàbá wa ti ń ta àdìrẹ. Ẹ̀bà ló kọ́kọ́ ń há wọn lọ́fun, wọ́n ní ó le jù ni. Nígbà tó yá, láfún pẹ̀lú ewédú náà ò lọ mọ́, ó wá ku ògì. Kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ ọ̀fun wọn, kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣòkòtò ò dúró nídìí wọn mọ́.

Wọ́n ní ká lọ ya CT, skáàn tó ń ya àwòrán inú ara, ti àyà àti ikùn. Bí abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn ṣe wọlé, Bàbá ké látinú ẹ̀rọ pé àwọn ti tọ̀ sára. Wọn ò tọ̀ rárá. Ooru oògùn náà ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà ò tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ò jẹ́ kí dókítà sọ̀rọ̀ tán: "Dókítà, ọdún mélòó ló kù?"

"Bàbá, fọ́tò ò lè dá ọjọ́ fún yín."

Dókítà ki síídì àwòrán náà bọ kọ̀ǹpútà, ó sún àwòrán kọjá ibi tí àìsàn wà, ó lọ dúró níbi eegun ẹ̀yìn, ọ̀gangan ìbàdí. Eegun funfun báláú láàárín, iṣan dúdú díẹ̀ yí i ká. Ó ní tí iṣan yẹn bá ti fẹ́lẹ́ jù, ara kì í sábà gba chemo, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, dáadáa, òtútù àyà lè tètè kọlu èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí kì í sì í sábà gùn tó ti ẹni tó ṣì lẹ́ran lára. Ti Bàbá ti gbẹ. Ìwé àbájáde tí a gbà ò mẹ́nu kàn án rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba síídì mọ́ ìwé.

Wọ́n fi rọ́bà oúnjẹ sí wọn níkùn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí wa kan ní Láfẹ́nwá ní jẹjẹrẹ là ń bọ́ yẹn, ká jẹ́ kí ebi pa á. Orí mi gbóná. Bàbá lebi ń pa, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Èkó ni wọ́n ti gba chemo àti ìtànṣán. CT tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀fun ṣì nípọn, ni gbogbo ilé bá dákẹ́ lọ. Dókítà ní CT ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àpá àti àìsàn tó ṣẹ́kù. PET, irú skáàn mìíràn, ló ń wo bí kókó ṣe ń jẹ ṣúgà tí wọ́n fi ìtànṣán sí. Ó ní ní 2007, àwọn dókítà Jámánì gbé ìwádìí kan jáde: lẹ́yìn chemo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí jíjẹ ṣúgà kókó rẹ̀ bá dín ní 35% ó kéré tán ń bá chemo lọ, àwọn yòókù lọ sí iṣẹ́ abẹ tààrà. Èyí wù mí púpọ̀, kí wọ́n má kàn máa da oògùn tí ò ṣiṣẹ́ sí èèyàn lára.

Àwa ò ya PET. Wọ́n tún ki ẹ̀rọ bọ Bàbá lọ́fun, ẹran tí wọ́n gé ò ní jẹjẹrẹ nínú, síbẹ̀ wọ́n ṣì ṣe iṣẹ́ abẹ láti gé ibi tí àìsàn wà kúrò. Láfún tí wọ́n ń jẹ báyìí ò tó ti ọmọdé, ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi gbé orí sókè sùn. Skáàn mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.