Àbọ̀ lórí pálọ̀ wa: àpótí ìjókòó ló yanjú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Lóṣù tó kọjá, mo béèrè irú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tí mo lè rà kí ìwé àti ohun ìṣeré àwọn ọmọ má baà máa fọ́n káàkiri pálọ̀ wa ní Ìbàdàn.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n ní kí káfíńtà bá mi kan àpótí ìjókòó onídèérí, nítorí pé àlejò ń jókòó lé e, àwọn ọmọ sì ń kó ẹrù wọn sínú rẹ̀ fúnra wọn. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì ní ẹsẹ̀ kúkúrú, èyí tí n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́, torí pé omi ìnulẹ̀ ti mú kí pákó onílẹ́búlẹ́bú (lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ di pákó) tí mo kọ́kọ́ rà wú. Mo tún ní kí ó fi irin tó ń gbé ìdérí dúró sí i, kí ó má baà já lu ìka ọmọ.

Apẹ̀rẹ̀ ráfíà dára fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ohun ìṣeré wẹ́wẹ́ ń sọnù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà tẹlifíṣọ̀n nìkan ni n kò tíì rí ojútùú sí.