Gìtá Telecaster àtijọ́ bàbá mi: okùn ga jù, vólúùmù ń pariwo

ỌmọOnígìtá: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Bàbá mi fi Telecaster yìí ta jùjú n'Íbàdàn láyé ọjọ́sí, ó wá pẹ́ gan-an nínú àpótí. Tí n bá ti yí vólúùmù báyìí, ariwo á gba inú ámpù kan, okùn ẹ̀ sì ga débi pé ìka ń dùn mí, tí mo bá tún tẹ fret òkè (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ohùn ẹ̀ ò ní bára mu mọ́. Ẹnì kan ládùúgbò lóun máa pààrọ̀ gbogbo inú ẹ̀ kóun sì kùn ún, ṣé kí n gbé e fún un?

BàbáRédíò: Háà, má jẹ́ kó kùn ún o ọmọ mi! Ọ̀dà àtijọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó lówó lórí. Vólúùmù yẹn ò bàjẹ́, ìdọ̀tí ni. Ra contact cleaner (oògùn fífín tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí inú ohun èlò iná), kì í ṣe òróró WD-40 o, fín díẹ̀ sínú ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó o wá máa yí i lọ yí i bọ̀. Tó o bá ti ṣí i, wo nọ́ńbà ẹ̀yìn vólúùmù náà: 137 ni ti ilé iṣẹ́ CTS, 304 ni ti ilé iṣẹ́ Stackpole, ọdún àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é ló máa ń tẹ̀ lé e. 1377512, ọ̀sẹ̀ kejìlá 1975 nìyẹn. Tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá ti yọ ọ́ dànù, ẹ̀rí ọjọ́ orí gìtá ti bá a lọ nìyẹn.

TaGìtá: Òótọ́ lẹ sọ sà. Bọ̀dá, ọrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò o. Ẹ fi okùn tuntun sí i, ẹ túùnù ẹ̀, ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́ àti ibi tí ọrùn ti pàdé ara, àlàfo tó wà lókè fret keje ò yẹ kó ju 0.3mm lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fún truss rod (irin inú ọrùn tó ń mú un tọ́) díẹ̀díẹ̀, lára ọ̀pọ̀ Telecaster àtijọ́ ìsàlẹ̀ ọrùn ni ibi tí wọ́n ti ń yí i wà, ẹ máa ní láti tú ọrùn, tó bá sì le koko ẹ má fipá yí i rárá, ó lè kán. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá sọ saddle (irin kékeré tí okùn gùn lé lára gìtá) kalẹ̀, okùn tó nípọn 2mm lókè fret kẹtàdínlógún, tíńtín 1.6mm. Ohùn fret kejìlá gbọ́dọ̀ bá harmonic ibẹ̀ (ohùn tó ń jáde tẹ́ ẹ bá kàn fọwọ́ ba okùn fẹ́ẹ́ láì tẹ̀ ẹ́) mu, tó bá ga jù, ẹ fa saddle sẹ́yìn, tó bá wálẹ̀, ẹ tì í síwájú. Tó bá jẹ́ saddle mẹ́ta àtijọ́ yẹn ló wà lórí ẹ̀, okùn méjì ló ń pín ọ̀kan, kò lè pé pérépéré, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ yọ wọ́n o, ohùn wọn dùn.

ỌmọOnígìtá: Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé rárá. Vólúùmù ti dákẹ́ o! Pickup iwájú (ohun tó ń gba ohùn okùn) nìkan ni ò dún.

BàbáRédíò: Fín switch tí wọ́n fi ń yan pickup náà kọ́kọ́. Tí ò bá ṣì dún, fi mítà wọn wáyà pickup yẹn méjèèjì, tó bá ti ń sọ nǹkan bíi 6k sí 8k (kílò-óòmù), coil ẹ̀ (wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀) ṣì dáa, ojú ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí ni kó o wò. Tí mítà ò bá sọ nǹkan kan rárá, wáyà inú ẹ̀ ti já, má sọ ọ́ nù, wọ́n lè tún un wé.